Ilé Tó Dára, Ilé-Ìwé Tó Jìnnà: A Dáhùn Ìbéèrè Yín Lórí Àdúgbò Tó Yẹ Kí Ẹ Kó Lọ

Láti ìgbà tí a ti ní kí ẹ̀yin òǹkàwé wa kọ̀wé sí wa lórí ọ̀rọ̀ ilé gbígbà, lẹ́tà kò dáwọ́ dúró, ó sì yà wá lẹ́nu pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò béèrè ohunkóhun nípa òrùlé tàbí ògiri. Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ọmọ ló gbà wọ́n lọ́kàn. Mẹ́ta la mú nínú wọn. Èyí tó wá láti Ìbàdàn ni a fi àyè sílẹ̀ fún jù, nítorí pé irú rẹ̀ ló pọ̀ jù lọ lórí tábìlì wa.

Ìbéèrè kìíní

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin Olóòtú wa. Ó di ọdún mẹ́sàn-án tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ti ń gbé Agbówó ní Ìbàdàn, nínú yàrá kan àti pálọ̀, ibẹ̀ la sì bí àwọn ọmọ wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí. Àkọ́bí wà ní ìwé kẹrin ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èkejì wà ní ìwé kìíní, àbíkẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí ní Sẹkitéríàtì Agodi, bàbá wọn sì ń ta páàtì ọkọ̀ ní Ìwó Road. A ti rí ilé méjì. Ọ̀kan wà ní Ológunẹrú: fúláàtì oníyàrá mẹ́ta, táìlì ni gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, omi ń jáde nínú ẹ̀rọ, fẹ́ǹsì sì yí i ká. ₦500,000 ni lọ́dún. Èkejì wà ní Àkóbọ̀: yàrá méjì péré, kànga ni wọ́n ń fà níbẹ̀, ọ̀dà ara ògiri ti ń bó, ₦700,000 ni wọ́n sì ń béèrè. Ilé-ìwé aládàáni kan tí àwọn ènìyàn ń yìn wà ní ìtòsí ti Àkóbọ̀, ẹsẹ̀ lásán ni àwọn ọmọ yóò máa fi dé ibẹ̀. Ní Ológunẹrú a kò mọ ilé-ìwé tí a lè fọkàn tán, bàbá wọn sì ní kí n máa gbé wọn lọ sí èyí tó wà nítòsí ibi iṣẹ́ mi. Ó ní ọmọ kì í sùn sí ilé-ìwé, ilé ló ń sùn sí. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ká fọwọ́ sí?
— Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Agbówó

Ìdáhùn

Ẹ kú ọmọ títọ́, màmá. Ká tó sọ ohunkóhun, bàbá àwọn ọmọ yín kò jẹ̀bi. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́sàn-án bá àwọn alájọgbé tò sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ ní ìdájí, tó sì ti gbé kẹ́ẹ̀gì omi títí tí èjìká fi ń ro ó, bí ó bá rí ilé oní-táìlì tí omi ń já nínú rẹ̀, ojú rẹ̀ kò ní rí nǹkan mìíràn mọ́. Òótọ́ sì ni pé ọmọ kì í sùn sí ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ọmọ máa ń sùn lójú ọ̀nà ilé-ìwé, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ lójú tèmi. Nígbà tí ọmọkùnrin mi wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, a lọ gba ilé sí ibi tí owó ilé ti rọrùn, mo sì fi í sí ilé-ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì mi, nítorí pé wọ́n ní ó dára jù. Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la máa ń jí i. Inú ọkọ̀ ló ti ń jẹ àkàrà, epo rẹ̀ á kán sí kọ́là yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, èmi náà á fi etí ìborùn mi nù ún kí a tó sọ̀ kalẹ̀. Ní òpin táàmù kejì, tíṣà rẹ̀ kọ ọ́ sínú èsì ìdánwò pé ọmọ náà ní làákàyè, ṣùgbọ́n ó máa ń sùn ní kíláàsì. A gbé e lọ fún àyẹ̀wò ojú, a gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ìyá ọkọ mi sì ní kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ wòlíì. Ìgbà tí mo jókòó, tí mo fi ìka ka wákàtí tí ọmọ náà ń sùn lóru, ni mo tó mọ ohun tó ń ṣe é.

Nítorí náà, ilé tí ẹ fẹ́ gbà kò parí sí ẹnu géètì. Ó gùn dé ilé-ìwé àwọn ọmọ, ó sì gùn dé ibi iṣẹ́ ẹ̀yin méjèèjì, gbogbo gígùn yẹn ni ẹ ó sì máa san owó lé lórí. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ lọ rìn ín. Ẹ má lọ ní ọjọ́ Àìkú tí àwọn ajẹ́ǹtì fẹ́ràn láti mú ènìyàn lọ wo ilé, tí ọ̀nà dá, tí àdúgbò pa rọ́rọ́. Ẹ lọ ní ọjọ́ Ajé, láàárín táàmù, kí aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ bá yín lẹ́nu géètì ilé náà, kí ẹ sì wọ irú ọkọ̀ tí àwọn ọmọ yóò máa wọ̀. Láti Ológunẹrú, ẹ óò gba Ẹlẹ́yẹlé, ẹ óò já sí Sàngó, ẹ óò kọjá ní Mọ́kọ́lá kí ẹ tó kọjú sí Sẹkitéríàtì. Bàbá wọn yóò sì tún la ìgboro kọjá kí ó tó dé Ìwó Road. Láti Àkóbọ̀, Baṣọ̀run àti Ìdí-Apẹ́ ni, ìhà kan náà sì ni Agodi àti Ìwó Road wà. Mi ò sọ pé ọ̀nà Àkóbọ̀ kì í dí o. Ẹni tó bá ti dúró ní General Gas ní aago méje òwúrọ̀ rí kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí ẹ bá ń gbé Àkóbọ̀, ẹ̀yin àgbà méjì ni sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ yóò máa yọ lẹ́nu. Àwọn ọmọ yóò ti wà ní ìjókòó wọn.

Tó bá jẹ́ ti owó ni, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ilé méjèèjì jẹ́ ₦200,000 lọ́dún. Ká ní ẹ gba ti Ológunẹrú, tí ẹ sì ń gbé àwọn ọmọ wá sí ìgboro, kí owó ọkọ̀ gbogbo ilé sì fi ₦1,500 péré ju ti Àkóbọ̀ lọ lójúmọ́. Táàmù mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ méjìlá-méjìlá, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, jẹ́ 180 ọjọ́. Owó yẹn ti di ₦270,000. Ilé olówó pọ́ọ́kú ti wọ́n ju èyí tí ẹ ń sá fún lọ, a kò sì tíì ka àwọn ọjọ́ tí ilé-ìwé wà ní ìsinmi ṣùgbọ́n tí ẹ̀yin ń lọ sí ibi iṣẹ́. Ẹ fi iye tí ẹ bá san gan-an ní ọjọ́ Ajé tí ẹ rìn ín rọ́pò ₦1,500 tèmi, kí ẹ tún un ṣírò níwájú bàbá wọn. Owó ajẹ́ǹtì, ti àgírímẹ́ǹtì àti ti kọ́ṣọ̀n, ọdún kìíní nìkan lẹ máa san wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo wọn máa ń bá ènìyàn, nítorí náà àpapọ̀ iye tí ẹ ó fi gba kọ́kọ́rọ́ ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ajẹ́ǹtì, kì í ṣe owó ilé nìkan.

Ọ̀rọ̀ òjò kì í ṣe ohun tí a lè fojú kéré ní Ìbàdàn. Odò Ọ̀nà àti adágún omi Ẹlẹ́yẹlé, tí wọ́n sé ní 1942, wà láàárín ará Ológunẹrú àti ìgboro. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, nígbà tí òjò rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìdá, odò kún bo bèbè rẹ̀, ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló bá a lọ, afárá Apẹ̀tẹ̀ wó, ọ̀nà tààrà tí àwọn ará ibẹ̀ ń gbà wọ ìgboro sì dí mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn àgbà wa ṣì ń fi omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 ka ọjọ́ orí ọmọ. Ẹ kíyè sí i pé òpin oṣù Kẹjọ ni méjèèjì. Ẹni tó bá lọ wo ilé ní oṣù Kejìlá kò tíì wò ó. Ẹ wo ìdí fẹ́ǹsì, bóyá omi ti fa ìlà aláwọ̀ ilẹ̀ sí i lára, kí ẹ sì wo iwájú àwọn ilé tó yí i ká bóyá wọ́n ti to àpò iyanrìn sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ bi ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ má bi ajẹ́ǹtì. Àkóbọ̀ náà ní odò tirẹ̀, nítorí náà ìdánwò kan náà ni kí ẹ fún ilé méjèèjì.

Ó ku ilé-ìwé tí àwọn ènìyàn ń yìn. Ta ni ń yìn ín? Bí ó bá jẹ́ bọ́ọ̀sì rẹ̀ ni wọ́n ń yìn, tàbí gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ń fi imú sọ, ẹ jẹ́ kí ìyìn náà gba ẹ̀gbẹ́ kan kọjá. Ẹ dúró sẹ́nu géètì wọn nígbà tí wọ́n bá ń jáde ní ọ̀sán, kí ẹ fi ọ̀yàyà kí ìyá ọmọ kan tó wá mú ọmọ rẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí ẹ wo ìwé ìṣirò ọmọ náà. Ẹ ṣí i láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Bí tíṣà bá ń mààkì iṣẹ́, ẹ óò rí báírò pupa rẹ̀ lójú ewé kọ̀ọ̀kan, níbi tí ọmọ ti ṣì í ẹ óò sì rí i pé wọ́n ní kí ó tún un ṣe. Bí ó bá jẹ́ àmì rere gbọ̀rọ̀gbọ̀rọ̀ kan ló kọjá lórí ojú ewé mẹ́ta, tí èsì tí kò tọ̀nà sì wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ ti rí ohun tí owó ilé-ìwé yín yóò rà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wọlé lọ bá ọ̀gá àgbà, kí ẹ béèrè ìwé àṣẹ tí Ilé-iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ Ìpínlẹ̀ fún wọn, iye ọmọ tó wà ní kíláàsì kan, àti iye ọdún tí tíṣà ìwé kìíní ti lò lọ́dọ̀ wọn. Ilé-ìwé tí tíṣà ń yí padà ní gbogbo táàmù kì í sábà san owó oṣù bó ṣe yẹ, orí àwọn ọmọ ni gbèsè yẹn ń hàn sí.

Ẹ̀yin gan-an ní ohun mìíràn tí ẹ gbọ́dọ̀ rò ju aládùúgbò yín tí ọmọ rẹ̀ wà ní jẹ́léósinmi lọ. Ìwé kẹrin ni àkọ́bí yín wà. Kí ẹ tó ṣẹ́jú péú, JSS1 ti dé. Ilé tí ẹ ń gbà yìí, ilé-ìwé girama ni ẹ óò fi wọn ọ̀pọ̀ ọdún rẹ̀. Àwọn ògbólógbòó ilé-ìwé girama Ìbàdàn kò sí níbi tí àwọn ilé tuntun pọ̀ sí: Government College, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1929, wà ní Àpáta, ibẹ̀ náà ni Queen's School wà, St. Anne's wà ní Mọ́lẹ́tẹ̀. Loyola College, ti 1954, wà ní ọ̀nà Ifẹ̀ àtijọ́. International School sì wà nínú ọgbà Yunifásítì. Ológunẹrú àti Àkóbọ̀ jẹ́ oko àti abúlé nígbà tí a kọ́ púpọ̀ nínú àwọn ilé-ìwé wọ̀nyí, ilé ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ilé-ìwé aládàáni sì tẹ̀ lé ilé. Nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-ìwé Àkóbọ̀ yẹn bóyá ó ní ẹ̀ka girama, àti bóyá orúkọ tirẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ fi ń ṣe WAEC, nítorí pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé nígbà tí ọmọ bá dé SS3 ni òbí ń gbọ́ pé ìlú mìíràn ni wọn yóò gbé e lọ láti lọ ṣe ìdánwò. Irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ sá fún un bí ẹni sá fún ejò.

Ẹ má sì fi ojú tẹ́ńbẹ́lú ilé-ìwé ìjọba. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní Nàìjíríà ní ọdún mẹ́sàn-án ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, láti ìwé kìíní dé òpin JSS, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ti fagi lé ₦3,000 tí wọ́n ń gbà ní ilé-ìwé girama láti 2019. Tèmi ni pé ilé-ìwé ìjọba tí ọ̀gá rẹ̀ ń dúró ti iṣẹ́, tó wà ní ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ilé, tí ẹ sì fi lẹ́sìnì kún un ní ìrọ̀lẹ́, sàn ju ilé-ìwé aládàáni olówó gọbọi tí ọmọ ń fi wákàtí mẹ́ta lọ bọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bínú sí mi.

Ọ̀rọ̀ àwọn alábàágbé náà kò ṣe é fò. Bódìjà ni gbogbo ènìyàn ń fi ṣe àpẹẹrẹ àdúgbò gidi ní Ìbàdàn láti ìgbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti gé ilẹ̀ rẹ̀ létòlétò, síbẹ̀ inú ilé kan ní Bódìjà yẹn ni ohun abúgbàù ti dún ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2024, tí ẹ̀mí ṣòfò, tí ọ̀pọ̀ ilé sì wó. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ló kó o pamọ́ síbẹ̀. Ẹ bi ẹgbẹ́ àwọn onílé bóyá wọ́n ń ṣe ìpàdé, ìgbà wo ni wọ́n ṣe é kẹ́yìn, àti ta ni ó mọ ẹni tó ń gbé ilé kejì.

Èyí tí ǹ bá gbà nípò yín ni ti Àkóbọ̀, bí ìwé ìṣirò yẹn bá ti ní báírò pupa tó nítumọ̀. Ẹ má san ₦700,000 ní kíákíá. Ẹ ní kí bàbá onílé fi ẹ̀rọ kékeré sí kànga kí omi máa gun orí táǹkì, kí ó sì kun ilé, tàbí kí ó yọ owó rẹ̀ kúrò nínú owó ilé kí ẹ̀yin ṣe é, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú àgírímẹ́ǹtì kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ìyẹn ni yóò tu bàbá àwọn ọmọ nínú nípa táìlì rẹ̀.

Ìbéèrè kejì

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, onílé wa ní Kétu, ní Èkó, ti fi owó lé owó ilé, ọ̀rẹ́ mi sì ní kí n wá gba ilé ní Mówe tó tóbi ju èyí lọ ní ìdajì owó rẹ̀. Ọmọ méjì ni mo ní. Ẹ̀gbọ́n wà ní SS1 ní ilé-ìwé ìjọba Èkó, àbúrò wà ní ìwé kejì. Ṣé kí n kó gbogbo wọn lọ?
— Bàbá ọmọ méjì, Kétu

Ìdáhùn

Àbúrò kò ní ìṣòro. Ọmọ ìwé kejì a máa gbàgbé ilé-ìwé àtijọ́ kí táàmù kan tó parí. Ti ẹ̀gbọ́n ni kí ẹ rò dáadáa. Mówe kì í ṣe ìparí Èkó, ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ló wà, nígbà tí ẹ bá sì ti sọdá ẹnubodè, ẹ ti fi ètò ìjọba kan sílẹ̀ fún òmíràn. Ìjọba Èkó ló máa ń san owó WAEC fún àwọn ọmọ SS3 tó wà ní ilé-ìwé rẹ̀. Ọmọ tó wà ní SS1 sì ti yan iṣẹ́ tí yóò fi ṣe WAEC. Bí ilé-ìwé tí ẹ ń mú un lọ kò bá ní tíṣà fún ọ̀kan nínú wọn, tíìṣọ̀nù lẹ ó máa fi owó tí ẹ rí lára ilé san. Kò sì yẹ kí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún máa fi òwúrọ̀ kùtù bá ọkọ̀ jà lórí ọ̀nà márosẹ̀ láti Mówe wá sí Kétu.

Bí ẹ bá lè fara dà á, ẹ wá ilé tó kéré sí i ní ìhà Kétu kan náà títí ẹ̀gbọ́n yóò fi ṣe WAEC tán, kí ẹ tó kó lọ. Òfin ilé gbígbà ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2011 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ó sì ka ayálégbé tó bá san jù bẹ́ẹ̀ lọ sí arúfin pẹ̀lú. Àwọn àdúgbò bí Ìkòyí, Victoria Island, Apápá àti GRA Ìkẹjà ni òfin náà yọ sílẹ̀, Kétu kò sí lára wọn. Bí Mówe bá wá di dandan, ilé àti ilé-ìwé àbúrò gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà lára ọ̀nà márosẹ̀. Bí mo bá rí ilé ọ̀fẹ́ tó máa mú kí ọmọ ìwé kejì máa sáré kọjá láàárín àwọn tírélà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, mi ò ní gbà á.

Ìbéèrè kẹta

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Thamesmead ní Lọ́ńdọ̀nù ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé. Ọmọbìnrin wa yóò pé ọmọ ọdún mẹ́rin ní oṣù Keje ọdún tó ń bọ̀. Àbúrò ìyàwó mi ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìwé kan tí gbogbo ọmọ Yorùbá ń lé, ó sì ní kí a fi àdírẹ́sì òun kọ orúkọ ọmọ. Ìyàwó mi gbà, ara mi ni kò gbà á. Àbí kí a kúkú kó lọ sí ibẹ̀?
— Bàbá Àdùkẹ́, Lọ́ńdọ̀nù

Ìdáhùn

Ara yín sọ òótọ́ fún yín. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí ọmọ ń sùn gan-an ni àdírẹ́sì rẹ̀, káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀, sì máa ń fi àkọsílẹ̀ owó orí ilé àti àwọn ìwé mìíràn yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá rí i pé irọ́ ni, wọ́n lè gba àyè náà padà, kódà lẹ́yìn tí ọmọ ti wọ kíláàsì tó sì ti mọ orúkọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sí oore nínú kí a fi irọ́ ìyá àti bàbá lé ọmọ kúrò ní ilé-ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀sọ̀ sọ ọ́ fún ìyàwó yín, kí ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, inú rere ló fi sọ ọ́.

Ẹni tó bá ti Nàìjíríà dé máa ń rò pé owó tàbí ìdánwò ló ń múni wọ ilé-ìwé gidi. Ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba níbẹ̀, òtéńté ni àwọn ọmọ tí ìjọba ń tọ́jú dípò òbí máa ń wà, lẹ́yìn wọn ni àwọn tó ní ẹ̀gbọ́n nínú ilé-ìwé náà, lẹ́yìn náà ni a óò wá máa fi jíjìnnà ilé sí ilé-ìwé to àwọn yòókù. Ọ̀pọ̀ káńsù ń fi ìlà gbọọrọ wọ̀n ọ́n bí ẹyẹ ṣe ń fò, wọn kì í ka kọ́nà. Òfin kò jẹ́ kí kíláàsì àwọn ọmọ kékeré ju ọgbọ̀n ọmọ lọ lọ́dọ̀ tíṣà kan, nítorí náà bí àyè bá ti kún, ó ti kún nìyẹn, ẹ̀bẹ̀ kò ràn án. Ilé-ìwé ìjọ máa ń ní ìlànà tirẹ̀ lọ́tọ̀, púpọ̀ nínú wọn sì ń béèrè ẹ̀rí pé ẹ ń wá sí ilé ìsìn déédéé. Ìwé tí pásítọ̀ kọ lóru ọjọ́ kan kò tó.

Thamesmead tí ẹ ń gbé fi ara kan káńsù méjì, Greenwich àti Bexley. Fọ́ọ̀mù yín, káńsù tí ẹ ń san owó orí ilé fún ni ẹ ó fi ránṣẹ́ sí, ṣùgbọ́n ẹ lè kọ ilé-ìwé ti ìkejì ẹnubodè sínú rẹ̀. Láti 1989 ni ilé-ẹjọ́ ti dá a lẹ́jọ́, nínú ẹjọ́ tó kan Greenwich fúnra rẹ̀, pé káńsù kò lè ti ọmọ sẹ́yìn kìkì nítorí pé ó ń gbé lábẹ́ káńsù mìíràn. Bí ẹ bá ní i lọ́kàn pé Àdùkẹ́ yóò ṣe ìdánwò wọ ilé-ìwé girama àṣàyàn nígbà tí ó bá pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, Bexley ní irú rẹ̀, Greenwich kò ní. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́ta ni ó, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn gba oorun yín.

Kí ẹ tó kó, ẹ lọ sórí ìkànnì káńsù, kí ẹ wo bí ilé ọmọ tí wọ́n gbà kẹ́yìn ní ọdún tó kọjá ṣe jìnnà sí ilé-ìwé náà tó. Bí ó bá jẹ́ ìdajì máìlì ni, kí ẹ má gba ilé tó fi díẹ̀ dín sí ìdajì máìlì kí ẹ sì sùn, nítorí pé iye náà ń yí padà lọ́dọọdún. Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa. Ẹ ka ìròyìn àwọn olùbẹ̀wò ìjọba, ìyẹn Ofsted, ní kíkún. Láti oṣù Kẹsàn-án 2024 ni wọ́n ti ṣíwọ́ fífi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo díwọ̀n gbogbo ilé-ìwé, nítorí náà ẹni tó bá ń sọ fún yín pé ilé-ìwé kan ni ó gba orúkọ tó ga jù lọ lè jẹ́ pé ìròyìn àtijọ́ ló ń kà. Kí ẹ tún bẹ ilé-ìwé tó wà lẹ́yìn ilé yín lọ́hùn-ún wò. Mo ti rí ọ̀pọ̀ òbí tó ń sá lé ilé-ìwé tí gbogbo ènìyàn ń lé, tí kò sì tíì wọ èyí tó ń gbọ́ agogo rẹ̀ láti inú ilé ìdáná rí.

Nítorí pé oṣù Keje ni wọ́n bí Àdùkẹ́, oṣù Kẹsàn-án tó tẹ̀ lé ọjọ́ ìbí kẹrin rẹ̀ ni ó yẹ kí ó wọ kíláàsì àkọ́kọ́, àwọn ọmọ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú lọ ní ọdún kan ni yóò sì bá níbẹ̀. Ẹ lè béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí ó dúró di ọdún kejì, ẹ̀tọ́ yín ni láti béèrè, ọwọ́ àwọn aláṣẹ ni ìdáhùn wà. Bí ẹ kò bá béèrè bẹ́ẹ̀, ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ni fọ́ọ̀mù yóò tì, ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ni èsì yóò jáde, ìjọba ìbílẹ̀ sì lè má ka ilé tí ẹ kó sí lẹ́yìn tí fọ́ọ̀mù ti tì mọ́ yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá máa kó, ẹ kó kí Kérésìmesì tó dé, kí àgírímẹ́ǹtì ilé tuntun náà ní orúkọ ẹ̀yin méjèèjì nínú.